Wọ́n ti dí ihò ara WhatsApp níbi tí wọ́n ti ṣe é: ṣé ẹ ti dí i lórí fóònù yín?

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ògiri tá a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ wa lónìí ni WhatsApp, áàpù tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń bá oníbàárà wọn dúnàá-dúrà láti àárọ̀ di alẹ́.

Orí WhatsApp ni télọ̀, aláṣọ, oníkéèkì àti ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń gba iṣẹ́ báyìí. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń sọ iye ọjà tó fẹ́ rà, ibẹ̀ ló ti ń fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ránṣẹ́, ibẹ̀ ni nọ́ńbà àkáǹtì yín ń gbà dé ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń fi ẹ̀rí owó tó san sí. Ẹni tó bá rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín nìyẹn, ó sì ti jókòó ti àpótí owó. Ó lè ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti oníbàárà bá ara yín sọ. Ó tún lè lo orúkọ yín láti fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ sanwó ọjà. Bí oníbàárà bá ti sanwó síbẹ̀, tí kò sì rí ọjà gbà, ẹ̀yin ló máa wá bá.

Ohun tá a fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù bá rí ihò lára rẹ̀, tó sì dí i, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù.

BÁWO NI IHÒ ṢE Ń DÉ ARA ÁÀPÙ?

Ènìyàn ló ń kọ áàpù. Àṣẹ ni wọ́n ń tò tẹ̀léra wọn fún fóònù: bí ìpè bá wọlé, ṣe báyìí, bí fọ́tò bá dé, gbé e síbí, bí wọ́n bá tẹ ibí yìí, ṣí tọ̀hún. Àwọn àṣẹ náà pọ̀ jaburata, ibi tí nǹkan bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kì í ṣaláì sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe yìí kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ nípa wọn lè sọ wọ́n di ọ̀nà ẹ̀bùrú tí yóò gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpèjúwe. Ká ní ìyá ọlọ́sàn kan sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa da ọsàn tí wọ́n bá gbé wá sínú apẹ̀rẹ̀ kan tí kò gbà ju 200 lọ. Kò sọ fún un pé kó kọ́kọ́ kà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ yìí ni igbá kékeré kan wà, níbi tí ìyá máa ń fi ìwé sí tó bá fẹ́ rán ọmọ náà níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, oníjìbìtì kan gbé ọsàn 300 wá, ó sì ti fi ìwé kan pa mọ́ sáàárín wọn. Ọmọ náà da gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kún, èyí tó lé yí ṣubú sínú igbá, ìwé náà sì bá a lọ. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ yẹ inú igbá wò, ó bá a níbẹ̀ pé kó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọkùnrin tó gbé ọsàn wá. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ọ̀gá òun kọ́ ló kọ ọ́. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Bí àwọn tó ṣe áàpù bá rí irú àṣìṣe yìí, wọ́n á tún àṣẹ náà kọ: kọ́kọ́ ka ọsàn kí o tó dà á. Àtúnṣe yìí làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní patch, àwa lè pè é ní àbùlẹ̀, bíi ti aṣọ tó ya. Wọ́n á fi àbùlẹ̀ náà sínú ẹ̀dà áàpù tuntun, wọ́n á sì gbé e sí Play Store fún àwọn tó ń lo Android, àti App Store fún àwọn tó ń lo iPhone. Ibẹ̀ ló máa wà títí fóònù yín yóò fi lọ gbé e. Gbígbé yẹn ni wọ́n ń pè ní Update.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DÚN 2019

Àpèjúwe ọsàn yìí kò jìnnà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí WhatsApp ní oṣù karùn-ún ọdún 2019. Apá tó ń bójú tó ìpè lórí áàpù náà ni àṣìṣe wà. Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ ń pe nọ́ńbà ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, wọ́n sì ń kó ohun tó ju ohun tí àyè gbà lọ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìpè náà. Ẹni tí wọ́n ń pè kò níláti gbé ìpè kí wọ́n tó wọlé sára fóònù rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpè náà kì í sí lára àwọn ìpè tó wọlé mọ́ nígbà tí ẹni tó ni fóònù bá wò ó.

WhatsApp rí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣe àtúnṣe sí i níbi ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n gbé ẹ̀dà áàpù tuntun jáde, wọ́n sì rọ gbogbo àwọn tó ń lò ó, tí wọ́n tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ nígbà náà, pé kí wọ́n lọ gbé e. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí dáadáa: WhatsApp Business, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọlọ́jà, wà lára àwọn tí ihò náà kàn. Lórí Android, gbogbo ẹ̀dà WhatsApp tó ṣáájú 2.19.134 àti ẹ̀dà WhatsApp Business tó ṣáájú 2.19.44 ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Nǹkan bíi 1,400 ènìyàn ni WhatsApp sọ pé wọ́n dojú iṣẹ́ ibi náà kọ. Àwọn akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, WhatsApp àti Facebook tó ni ín gbé NSO Group, ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Israel tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣọ́ni tí wọ́n ń pè ní Pegasus, lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ náà fà á títí di ọdún 2024, nígbà tí Adájọ́ Phyllis Hamilton sọ pé NSO jẹ̀bi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 167 dọ́là. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, adájọ́ dín owó náà kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, ó sì pàṣẹ pé kí NSO má tún fọwọ́ kan WhatsApp mọ́.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Ó gba ọdún mẹ́fà kí ilé ẹjọ́ tó bu owó ìtanràn lé ẹni tó wọlé onílé. Ẹ̀dà tuntun tó dí ihò náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti wà níta. Èyí tó yá nínú méjèèjì ni oníṣòwò gbọ́dọ̀ dì mú.

“ÈMI KÌ Í ṢE AKỌ̀RÒYÌN, KÍ NI WỌ́N FẸ́ FI MÍ ṢE?”

Ìbéèrè tó dára ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ bíi Pegasus wọ́n gan-an, àwọn tí wọ́n ń fi lé kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta bàtà tàbí ẹni tó ń ta oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ewu tó ń dúró de oníṣòwò kékeré máa ń dé lẹ́yìn tí àbùlẹ̀ bá ti jáde.

Ìdí ni pé ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá gbé àbùlẹ̀ jáde, gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé ihò kan wà. Àwọn tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dénú á gbé ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, wọ́n á sì mọ ibi tí ihò náà wà gan-an. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò tíì gbé ẹ̀dà tuntun ló wà nínú ewu jù, nítorí ilé rẹ̀ ni ihò ṣì wà, ojú gbogbo ènìyàn sì ti mọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní WannaCry fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara Windows ni ihò tiẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2017, Microsoft gbé àbùlẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, WannaCry bẹ́ sóde, ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là lọ́wọ́ wọn kó tó ṣí i. Àbùlẹ̀ tó lè dá a dúró ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Síbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ England fara gbá a débi pé wọ́n fojú bù ú pé ìpàdé àwọn aláìsàn tó lé ní 19,000 ni wọ́n fagi lé. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ló kó wọn sí i. WannaCry kò bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ wo lo ń ṣe. Ilẹ̀kùn tó bá ṣáà ti bá ní ṣíṣí ló ń wọ̀.

FỌ́TÒ TÍ KÌ Í ṢE FỌ́TÒ

Ẹ jẹ́ ká padà sórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tó ní akọ̀wé tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Meta, orúkọ tí Facebook ń jẹ́ báyìí, kéde ihò kan lára WhatsApp tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Ohun tó fà á ni pé áàpù náà ń fi ohun kan mọ irú fáìlì tó yẹ kó fi han ojú, ó sì ń fi ohun mìíràn mọ bó ṣe yẹ kó ṣí i. Ẹni burúkú lè fi fáìlì ránṣẹ́ tí yóò dà bí fọ́tò lójú ẹni tó gbà á, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láti ṣí i, iṣẹ́ ibi ló máa bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀dà 2.2450.6 ni wọ́n fi dí i.

Ẹ fi sí ipò tiyín. Fọ́tò mélòó ni ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí ń fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín lójúmọ́? Ẹ̀rí owó tí wọ́n san, àwòrán aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán, àwòrán ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ń wá. Oníṣòwò kò lè sọ pé òun ò ní ṣí fọ́tò tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kó rí i pé áàpù tó fi ń ṣí i kì í ṣe èyí tó lanu.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọ̀rọ̀ mìíràn tún yọjú lára iPhone àti kọ̀ǹpútà Apple. Ihò méjì ni wọ́n so pọ̀: ọ̀kan lára WhatsApp, èkejì lára ètò tí Apple fi ń darí ẹ̀rọ rẹ̀. WhatsApp dí tirẹ̀, Apple náà dí tirẹ̀. Àwọn tí WhatsApp kìlọ̀ fún kò tó 200, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́, kó padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ ò tíì tilé: ẹ gbọ́dọ̀ ṣe Update fún áàpù, kẹ́ ẹ sì ṣe é fún fóònù fúnra rẹ̀. Ìkejì, àbùlẹ̀ ń dí ihò ni, kì í lé olè tó ti wọlé jáde. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè ṣe é.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE

1. Ẹ wo ẹ̀dà tó wà lórí fóònù yín. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Help, ẹ ẹ́ rí nọ́ńbà ẹ̀dà náà ní App info. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá WhatsApp tàbí WhatsApp Business nínú Play Store tàbí App Store. Bí ẹ bá rí Update níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ Open lẹ rí, kò sí ẹ̀dà tuntun tó ń dúró dè yín.

2. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló pa á torí pé ó ń jẹ dátà. A ò dá wọn lẹ́bi, dátà ti wọ́n. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kìkì tí ẹ bá wà níbi tí Wi-Fi wà. Bí ẹ kò bá ní Wi-Fi, ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ ẹ́ máa fọwọ́ ṣe é. Dátà tó máa ń jẹ kò sábà ju ti ìwọ̀nba fídíò tí wọ́n ń pín kiri nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lọ.

3. Bí fóònù bá ní kò sí àyè, ẹ pa àwọn fídíò àti fọ́tò tí ẹ kò lò mọ́ rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti oníbàárà sí ibòmíràn nípasẹ̀ Backup, kí àkọsílẹ̀ ọjà má bàa ṣègbé.

4. Ẹ má gba áàpù lórí ìlà tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí yín pé “tẹ ibí fún WhatsApp tuntun”, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí kì í ṣe WhatsApp ló ṣe wọ́n, irú GBWhatsApp, kì í bá ẹ̀dà gidi gba àbùlẹ̀, WhatsApp sì lè ti àkáǹtì ẹni tó bá ń lò wọ́n pa. Ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Kaspersky kéde pé àwọn rí ẹ̀dà kan lára YoWhatsApp tó ń jí kọ́kọ́rọ́ tí àwọn tó ń lò ó fi ń wọ àkáǹtì wọn.

5. Ẹ yẹ ọjọ́ orí fóònù wò. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún fóònù tí Android rẹ̀ kò tó 5.0. Bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù tí wọ́n ti lò rí fún iṣẹ́, ẹ wo Settings kẹ́ ẹ rí ọjọ́ tó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Bó bá ti pẹ́ tí kò rí i gbà, owó pọ́ọ́kú tí ẹ rà á lè di owó ńlá lẹ́yìn ọ̀la.

6. Ẹ rántí fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́. Nọ́ńbà kan lè wà lórí fóònù kan àti ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mẹ́ta bá ní àbùlẹ̀ tí ọ̀kan kò ní, ibi ọ̀kan yẹn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ máa yẹ Linked devices wò, kẹ́ ẹ sì yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀ níbẹ̀, àti ti ọmọ iṣẹ́ tó ti kúrò.

OHUN TÍ ÀBÙLẸ̀ KÒ LÈ DÍ

Kò sí àbùlẹ̀ tó lè dí ẹnu ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ fún olè. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, tó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan á wọlé sórí fóònù yín, pé kẹ́ ẹ kà á fún òun, ẹ má ṣe é, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín ló fi pè. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Ẹ lọ sí Settings, Account, kẹ́ ẹ sì tan Two-step verification. Ẹ ẹ́ yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tiẹ̀ rí ti àkọ́kọ́ gbà kò tíì lè wọlé.

Bí ẹ bá fura pé ẹnì kan ti wà nínú WhatsApp yín, ẹ tún fi nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni náà á já kúrò. Ẹ tètè fi àtẹ̀jíṣẹ́ SMS àti ìpè sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má sanwó sí àkáǹtì tuntun kankan, kẹ́ ẹ sì pe báńkì yín. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà wọn tó wà lọ́wọ́ yín, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín ni, Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 sì sọ pé ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Àwọn kan ń sọ pé Update máa ń yí ojú áàpù padà, àwọn á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí nǹkan wà. Òótọ́ ni, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀sán kan wá ibi tí nǹkan wà sàn ju ẹni tó fi oṣù kan wá ojú rere oníbàárà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ lù ní jìbìtì.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ òní, ẹ ṣí Play Store tàbí App Store lórí gbogbo fóònù tó ń gba iṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó ń dúró dè yín níbẹ̀.